Ìdí Abájọ Àwọn Àṣà Inú Fídíò Orin: Ohun tí ó Yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Gbé Kámẹ́rà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà gbé ìwé ètò kan wá bá mi. Wọ́n ti kọ orin kan ní èdè Yorùbá, orin tí ó dá lórí ọmọ tí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí àtẹ lọ́jà, tí ó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n fẹ́ ṣe fídíò orin náà fún ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé náà, ohun mẹ́rin péré ni mo bá níbẹ̀: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá, owó tí a ń fọ́n sí afẹ́fẹ́, awò ojú dúdú, àti ọmọbìnrin mẹ́fà tí yóò máa jó lẹ́yìn akọrin. Mo béèrè pé kí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣe nínú orin ọmọ tí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Aṣáájú wọn dá mi lóhùn pé, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà."

Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́, ta ni "wọ́n"? Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀? Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń ṣe é? Mo sọ fún wọn pé a kò ní gbé kámẹ́rà títí a ó fi mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wá ìtàn náà kiri. Ohun tí a rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àròkọ yìí: pé kò sí àṣà kan nínú fídíò orin tí kò ní ìdí, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdí náà ni ó jẹ mọ́ ọjà, ẹ̀rọ, tàbí ohun tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdí àṣà kan ni ó lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun mú un lò tàbí kí òun fi í sílẹ̀.

Láti inú ilé ọtí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọdún 1981 ni a dá fídíò orin sílẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1927 ni ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gbé The Jazz Singer jáde, tí àwọn ènìyàn sì fi ojú ara wọn rí i pé sinimá lè kọrin. Nígbà tí ó di ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ Mills Novelty ní ìlú Chicago ti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Panoram. Ó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù onígi tí ó ní ojú gíláàsì. Inú ilé ọtí, ilé oúnjẹ àti ibùdókọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Oníbàárà yóò fi owó onírin sẹ́ǹtì mẹ́wàá sí i, yóò sì wo fíìmù orin kan tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Soundies ni wọ́n ń pe àwọn fíìmù kéékèèké náà. Èyí tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ náà tó dópin ní nǹkan bí ọdún 1947 lé ní 1,800. Duke Ellington, Louis Armstrong, Fats Waller àti Cab Calloway wà lára àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n kọrin nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò kọ́kọ́ gba ohùn orin sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni akọrin yóò wá dúró níwájú kámẹ́rà, wọn yóò máa lu orin náà sí i létí, òun náà yóò sì máa ya ẹnu bí ẹni tí ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ìdí ni pé gbígba ohùn tí ó já geere àti àwòrán tí ó mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ iṣẹ́ ńlá, owó rẹ̀ sì pọ̀. Àṣà yíya ẹnu bá orin tí a ti gbà sílẹ̀, èyí tí ó ṣì wà nínú fídíò orin títí di òní, kò ti inú ẹ̀tàn wá. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni.

Fíìmù mẹ́jọ ni wọ́n máa ń so pọ̀ sórí rílì kan nínú ẹ̀rọ Panoram. Ẹni tí ó fi owó sí i kò lè yan èyí tí ó wù ú. Èyí tí ó bá kàn ni yóò wò. Nítorí náà, fíìmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tètè di ojú ènìyàn mú. Àwọn tí ń ṣe é mọ irú ẹni tí í jókòó sí ilé ọtí ní alẹ́, ni wọ́n bá ń kó àwọn ọmọbìnrin tí aṣọ kò bò tán sínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Faransé gbé ẹ̀rọ tiwọn, Scopitone, jáde ní ọdún 1960, àwọ̀ mèremère ti wà nínú fíìmù, oníbàárà sì lè yan èyí tí ó bá fẹ́ nínú mẹ́rìndínlógójì. Síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin inú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò kúrò níbẹ̀, kódà níbi tí orin kò ti dárúkọ omi rárá.

Nígbà tí a ka ibi tí a dé yìí nínú kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ètò náà na ọwọ́. Ó ní, "Mà, ṣé ilé ọtí ni wọ́n ti mú wa wá ni?" Àwọn ọkùnrin kíláàsì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Òótọ́ ni ó sọ.

Fíìmù gẹ́gẹ́ bí àrokò

Ìdí kejì tí a rí jẹ mọ́ ẹni tí kò lè wá. Láyé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ bá wà tí ẹni tí ó ni ín kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé lọ, àrokò ni yóò fi ránṣẹ́. Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọdún 1960 sí 1970. Òkìkí ẹgbẹ́ akọrin Beatles ti kàn dé ibi tí wọn kò fi lè lọ sí gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ń pè wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966, olùdarí kan tí ń jẹ́ Michael Lindsay-Hogg ya fíìmù fún orin wọn méjì, Paperback Writer àti Rain. Ó ya díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ọgbà Chiswick House ní Lọ́ńdọ̀nù. Fíìmù ni wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn fúnra wọn kò lọ. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe orí ìtàgé ni wọ́n wà, kò pọn dandan mọ́ kí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣeré fún èrò. Wọ́n lè máa rìn láàrin igi, wọ́n lè jókòó, wọ́n lè wo ibòmíràn. Láti ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé akọrin kúrò lórí ìtàgé lọ sí ibi tí ó bá orin mu.

Ní ọdún 1975, ẹgbẹ́ Queen kọ Bohemian Rhapsody. Wọ́n ti to ohùn lé ohùn lọ́pọ̀ ìgbà nínú orin náà débi pé ẹnu ènìyàn mẹ́rin kò lè kọ ọ́ ní ojúkojú bí ó ti wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n tún ń múra ìrìn-àjò. Olùdarí wọn, Bruce Gowers, fi nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ya fídíò tí ilé-iṣẹ́ BBC ń fi hàn lórí ètò Top of the Pops. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni orin náà fi wà ní ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú àwọn akọrin mẹ́rin tí ó yọ nínú òkùnkùn ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà kì í ṣe ohun àrà ọ̀tun. Ara páálí àwo orin wọn ti ọdún 1974, Queen II, ni wọ́n ti mú un. Báyìí ni àṣà kan tún wọlé: kí fídíò kan máa pe iṣẹ́ mìíràn sí ìrántí, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì mi orí. Àwa tí a ń gbọ́ ìjálá àti ẹ̀sà kò ní kà á sí tuntun. Apohùn a máa fi ìlà kan ṣoṣo pe odindi ìtàn, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni yóò sì gbádùn rẹ̀ jù.

Ọdún 1981 àti ohun tí ọjà ń fẹ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fídíò tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn ni Video Killed the Radio Star, ti ẹgbẹ́ Buggles, èyí tí Russell Mulcahy ti darí láti ọdún 1979. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti fi fídíò kún lójoojúmọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó sì ń pèsè rẹ̀ fún wọn. Fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ìpolówó ni fídíò jẹ́. Bí a bá ti mọ èyí, àwọn àṣà kan yóò yé wa kíákíá. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ akọrin, orúkọ orin àti orúkọ àwo sí igun ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí? Kí òǹwòran lè mọ ohun tí yóò béèrè ní ìsọ̀ ni. Kí ni ìdí tí kámẹ́rà kì í fi í kúrò ní ojú akọrin pẹ́? Ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà kéré, ojú akọrin ni ọjà tí a sì ń tà.

Ọjà yìí ní ẹnu ọ̀nà tí kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1983, akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, David Bowie, bi òṣìṣẹ́ MTV kan léèrè lójú kámẹ́rà pé èéṣe tí àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lórí ètò wọn. Ọdún náà gan-an ni fídíò Billie Jean ti Michael Jackson ráyè wọlé, tí wọ́n sì ń fi í hàn léraléra. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1983, Thriller jáde. John Landis ni ó darí rẹ̀, Michael Peters ni ó bá Jackson ṣètò ijó rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Níbẹ̀ ni àṣà ijó ẹlẹ́gbẹ́, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń bára mu, ti fìdí múlẹ̀ nínú fídíò orin. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: àwọn tí ń jó nínú Thriller ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ìtàn. Òkú tí ó jí ni wọ́n. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, ìtàn bàjẹ́. Bí a bá yọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà kúrò nínú ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kò sí ohun tí yóò yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwòkọ́ṣe àti àfarawé nìyí.

Nígbà tí àwòrán bá pa òwe

Onímọ̀ kan, Andrew Goodwin, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1992, Dancing in the Distraction Factory. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là sílẹ̀ tí àwòrán lè gbà bá ọ̀rọ̀ orin lò. Àwòrán lè fi ohun tí ọ̀rọ̀ sọ hàn gẹ́lẹ́. Ó lè fi kún un, kí ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ tán. Ó sì lè yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ pátápátá. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún wa gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí orin Yorùbá ti yàtọ̀.

Orin wa kún fún òwe. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí akọrin bá pa òwe tí ó dárúkọ ìjàpá, tí a sì gbé àwòrán ìjàpá síwájú òǹwòran, a ti pa òwe náà ní ìpakúpa, nítorí pé kì í ṣe ìjàpá ni akọrin ń bá wí. Nínú orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìlà kan wà tí ó sọ̀rọ̀ odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò pé kí wọ́n lọ ya odò tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Mo bi wọ́n pé ta ni odò náà. Wọ́n ní ọmọ náà ni. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni ó wá yẹ kí kámẹ́rà wà?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé nígbà tí ìlà náà bá dé, ìdí àtẹ ìyá ni a óò wò, pẹ̀lú àpótí ìjókòó tí kò sí ẹni tí ó jókòó lé e. Ìyẹn ni ọ̀nà kejì tí Goodwin là sílẹ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ òwe ti í fi ojú inú rí i.

Ohun tí ó ti wà nílé

Kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ òfo ni a fi jókòó tí àwọn aláwọ̀ funfun fi kó fídíò wá. Láti ọdún 1945 tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ni orin àti ijó ti ń ṣí eré orí ìtàgé Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àwọn alárìnjó ti í fi ìjúbà ṣí tiwọn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, àṣà ti wà nílẹ̀ pé kí a wo orin bí a ti ń gbọ́ ọ.

Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù wa náà ní ìlànà tiwọn. Ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé a máa fi orin tí ó wọ inú ara wọn kún odindi ojú kan àwo, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Òde àríyá ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí orin kì í parí títí ijó yóò fi tẹ́ àwọn èrò lọ́rùn. Nígbà tí fídíò wá dé, tí VCD sì gba ìgboro kan ní ìparí àwọn ọdún 1990 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, fídíò jùjú àti fújì kò lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ti Soundies. Kí ni a óò fi kún ìṣẹ́jú ogún? Akọrin yóò pààrọ̀ aṣọ. Wọn yóò kúrò nínú ọgbà òdòdó bọ́ sí iwájú ilé tuntun, wọn yóò kúrò níwájú ilé bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn èwe a máa fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n gígùn orin ni ó bí i.

Owó náínà tí a ń ná fún akọrin ńkọ́? Òun náà ní ìdí. Ní òde àríyá, akọrin ni yóò ki ènìyàn, yóò pe orúkọ baba rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, orí onítọ̀hún yóò wú, yóò sì jáde wá lẹ owó mọ́ akọrin níwájú orí. Ìdáhùn ni owó náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fà jù nínú kíláàsì, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́ kí owó kúrò nínú ètò wọn. Níkẹyìn, èyí tí ń lù dùndún fún wọn béèrè pé, "Ta ni a ń kì nínú orin yìí gan-an?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n fa igi lé e fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ fún wọn pé Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala kọkànlélógún, ti ka fífọ́n náínà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ìdí ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó gbọ́ òfin.

Ẹnì kan wà nínú àwọn akọrin wa tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fídíò wò dáadáa: Lágbájá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó ti ń fi aṣọ bo ojú rẹ̀ bí ẹni wà nínú ẹ̀kú. Àṣà gbogbo ayé ni pé kí kámẹ́rà máa wá ojú akọrin. Òun mú ojú náà kúrò. Lágbájá kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni ni ó lè jẹ́, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ nípa mẹ̀kúnnù. Ó mọ ìdí àṣà náà, ni ó ṣe mọ bí yóò ti yí i padà kí ó sì nítumọ̀.

Nígbà tí MTV Base bẹ̀rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2005, African Queen ti 2Face ni fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn. Ọdún yìí kan náà ni YouTube bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ wa ń wo fídíò gbogbo àgbáyé nínú fóònù, wọ́n sì ń rò pé ohun tí ó wà lọ́hùn-ún ni àṣà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, nínú Lemonade, Beyoncé wọ aṣọ ìyeyè jáde láàrin omi, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì dá a mọ̀ kíákíá pé Ọ̀ṣun ni ó ń pè sí ìrántí. Nínú orin mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà, ọmọ Yorùbá kan, Láolú Ṣénbánjọ, ni ó ya àwòrán sí ara àwọn oníjó. Ẹni tí ó ní gbogbo ọkọ̀ tí owó lè rà wá bu omi nínú odò wa. Àwọn ọmọ tí odò náà wà lẹ́yìn ilé wọn ń wá ẹni tí yóò yá wọn ní ọkọ̀.

Bí a ṣe wá to ètò wa

Aṣáájú wọn bi mí nígbà tí ó rí gbogbo èyí pé, "Ṣé kí a wá ṣe é bí ti ayé àwọn bàbá wa ni, mà?" Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé rárá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ògúndé tìkára rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947 láti kọ́ nípa iṣẹ́ ìtàgé. Ẹni tí ó yá nǹkan lò kò jẹ̀bi, bí ó bá ti mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

A ya ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú èkíní, a kọ àṣà tí a rí. Nínú èkejì, ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, bóyá irú ìdí bẹ́ẹ̀ wà nínú orin tiwa. Ohun tí kò bá ní èsì ní ọ̀nà kẹta, a fa igi lé e. Ọkọ̀ lọ. Awò ojú dúdú lọ. Owó ti lọ ṣáájú. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà kò lọ, àmọ́ wọn kì í ṣe oníjó ẹ̀yìn akọrin mọ́. Wọ́n di àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ni wọ́n sì ń gbe orin. Nínú orin Yorùbá, lílé kò pé láìsí ègbè, nítorí náà bí kámẹ́rà ti ń wo ẹni tí ń lé ni yóò máa wo àwọn tí ń gbè.

A mú yíya ẹnu bá orin, nítorí pé fóònù kan ṣoṣo ni a ní, ariwo ọjà ì bá sì bo ohùn mọ́lẹ̀. A gba orin sílẹ̀ nínú kíláàsì, a pa fáànù, a ti fèrèsé. Ní ọjà, a gbé e sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré, a sì ya odindi orin náà nígbà mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kan láti òkèèrè, lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n àyà sókè, lẹ́ẹ̀kan ní ojú àti ọwọ́ nìkan. Ẹnì kan a pàtẹ́wọ́ kan gbì kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè rọrùn láti to ohùn àti àwòrán bára mu. Àárọ̀ kùtùkùtù ni a lọ, kí oòrùn tó ga. A sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí àti ìyálọ́jà ṣáájú.

Àṣà kan wà tí a kò rí nínú ìwé kankan tí a fi kún un fúnra wa. Dùndún a máa sọ̀rọ̀. Nítorí náà, níbi tí ìlù bá ti sọ̀rọ̀ nínú orin wa, a wo ọwọ́ onílù àti ojú awọ bí a ti ń wo ẹnu akọrin, a kò jẹ́ kí àwòrán mìíràn já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi parí. Orúkọ orin àti ti àwọn akọrin tí a kọ sí igun ìsàlẹ̀ náà, a fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Mo dúró lórí ìyẹn, wọn kò sì bá mi jiyàn.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má fi kámẹ́rà du àwọn ọmọ, kí ẹ má sì fi í lé wọn lọ́wọ́ lásán. Ẹ bi wọ́n ní ìdí. Bí ó bá jẹ́ "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn" ni wọ́n fi dáhùn, ẹ bá wọn wá "wọ́n" náà lọ, bí ó tilẹ̀ gbà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ayẹyẹ ọjọ́ náà, aṣáájú wọn mú ìwé onílà mẹ́ta náà lọ sí ilé. Ó ní orin mìíràn wà lọ́wọ́ òun.